Ta Ni Olùgbàlà? Ìpàdé Níséà Lẹ́yìn 1,700 Ọdún, àti Àwa Ará Ìjẹmọ̀

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọ wa ní Ìjẹmọ̀, níbi tí a ti ń ṣètò ìwé ìkéde fún ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, tí ó sì mú mi ronú gidigidi. Arábìnrin kan mú ìkéde ìdúpẹ́ wá. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti dùbúlẹ̀ àìsàn fún ọ̀pọ̀ oṣù, ara ọmọ náà sì ti yá. Nínú ìkéde yìí ni ó ti dárúkọ wòlíì kan, tí ó sì pè é ní "olùgbàlà ìdílé wa." Mo fi gègé pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́. Arábìnrin náà wò mí, ó sì béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé: "Ẹ jọ̀wọ́, Bàbá, kí ni mo kọ tí kò dára? Wọ́n bá mi ṣe àìsùn, wọ́n bá mi san owó ilé ìwòsàn, wọn kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Bí a kò bá pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní olùgbàlà, kí ni kí a máa pè wọ́n?"

N kò ní èsì gidi fún un lójú ẹsẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó fún mi ní ọjọ́ méjì. Ìbéèrè rẹ̀ kì í ṣe ìbéèrè òpè rárá. Òun gan-an ni ìbéèrè tí ó kó àwọn bíṣọ́ọ̀bù jọ sí ìlú Níséà ní ọdún 325, tí gbogbo ayé Kristẹni sì tún padà sí ní ọdún 2025: ta ni ó lè gba ènìyàn là, irú ẹni wo sì ni ó gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ó tó lè ṣe é?

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2025

Ọdún 2025 ni ìpàdé Níséà pé 1,700 ọdún. Láti ìgbà ìpàdé náà ni Ìjọ ti ń sapá láti ṣọ̀kan lórí ọjọ́ tí a ó máa ṣe Àjíǹde, ó sì ṣẹlẹ̀ pé ní ọdún ìrántí yìí, àwọn ìjọ Ìlà-Oòrùn àti àwa ti Ìwọ̀-Oòrùn ṣe Àjíǹde ní ọjọ́ kan náà, 20 oṣù kẹrin. Ní oṣù kẹwàá, Ìgbìmọ̀ Àwọn Ìjọ Àgbáyé ṣe àpéjọ lórí ìgbàgbọ́ àti ìṣọ̀kan ìjọ ní Wadi El Natrun ní ilẹ̀ Íjíbítì. Ní 28 oṣù kọkànlá, Póòpù Leo Kẹrìnlá, olórí Ìjọ Kátólíìkì, àti Pátíríákì Bartholomew ti Kọnsitantinópù dúró pọ̀ gbàdúrà lẹ́bàá àwókù ilé ìsìn àtijọ́ kan ní etí adágún omi İznik, ní ilẹ̀ Tọ́kì. İznik yìí ni orúkọ tí Níséà ń jẹ́ lónìí. Ìrìn àjò àkọ́kọ́ tí póòpù náà rìn jáde kúrò ní Ítálì láti ìgbà tí ó ti gorí oyè nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò sọ pé, "Ọ̀rọ̀ àwọn àgbààgbà ìjọ ni, kí ló kan tiwa?" Ṣùgbọ́n àwa tí a ń dìde dúró nínú ìsìn Ìdàpọ̀ Mímọ́, tí a sì ń ka Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ Níséà láti orí, gbogbo ìgbà tí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ ni a ń fọwọ́ sí ìdájọ́ tí wọ́n dá níbẹ̀. Ẹni tí ó bá fọwọ́ sí ìwé, ó yẹ kí ó mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Ẹjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà

Ilẹ̀ Áfíríkà ni ẹjọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ilẹ̀ òyìnbó. Arius jẹ́ àlùfáà ní ìlú Alẹkisáńdíríà ní Íjíbítì. Kì í ṣe kèfèrí, kò sì kórìíra Jésù. Ó gbà pé Jésù ga ju áńgẹ́lì lọ, ó sì ga ju gbogbo ẹ̀dá yòókù lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀dá ni ó kà á sí síbẹ̀. Ó ń kọ́ni pé Ọmọ ní ìbẹ̀rẹ̀, àti pé Baba ni ó dá a, kí ó tó tipasẹ̀ rẹ̀ dá ohun gbogbo yòókù. Ẹ̀rù ń ba Arius pé bí a bá pe Ọmọ ní Ọlọ́run, a ti sọ Ọlọ́run kan di méjì. Ohun tí ó dára ni ó rò pé òun ń dáàbò bò.

Bíṣọ́ọ̀bù Alexander, olórí ìjọ ìlú náà, kò gbà fún un. Díákónì ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà lọ́dọ̀ Alexander, Athanasius ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí Constantine, ọba Róòmù, fi pe àwọn bíṣọ́ọ̀bù jọ sí Níséà. Nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ni wọ́n péjọ. Ìdájọ́ tí wọ́n dá dúró lórí ọ̀rọ̀ méjì tí gbogbo Yorùbá mọ ìyàtọ̀ wọn, èyíinì ni "dá" àti "bí." Wọ́n ní a kò dá Ọmọ, a bí i ni, ohun tí Baba jẹ́ gan-an ni Ọmọ náà jẹ́.

Kò sí olùkọ́ tí yóò ṣàlàyé èyí yé wa ju ìyá aládìrẹ ní Ìtokù lọ. Ó lè rẹ ẹgbẹ̀rún aṣọ lọ́dún, kí àdìrẹ rẹ̀ lẹ́wà kí ó sì gbayì títí dé ìlú òyìnbó, síbẹ̀ kò sí ọ̀kan nínú wọn tí yóò pè é ní ìyá. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó pọ̀n sẹ́yìn, bí ó tilẹ̀ kéré, ènìyàn ni bí ìyá rẹ̀ ti jẹ́ ènìyàn. Ọmọ tí ẹkùn bí, ẹkùn ni. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn bàbá wa ní Níséà wí nípa Jésù: kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́run tí ó dára jù, Ọlọ́run láti inú Ọlọ́run ni.

Ìdájọ́ náà kò parí ìjà. Àwọn ọba kan tí ó jẹ lẹ́yìn Constantine fara mọ́ ẹgbẹ́ Arius, Athanasius tí ó ti di bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 328 sì fojú rí màbo. Ìgbà márùn-ún ni wọ́n lé e kúrò ní ìlú. Ó kú ní ọdún 373, kò sì sí láyé mọ́ nígbà tí ìpàdé Kọnsitantinópù ti ọdún 381 tún ìjẹ́wọ́ náà fi ìdí múlẹ̀ ní ìrísí tí a mọ̀ lónìí. Kí ni ó dé tí ọkùnrin yìí kò fi lè gbà kí a dín ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kù? Ìdí ni pé ọ̀rọ̀ ìgbàlà ni ó kà á sí. Bí Jésù kì í bá ṣe Ọlọ́run, a jẹ́ pé a kò tí ì gbà wá là.

Àwa Ẹ̀gbá mọ ohun tí ìgbàlà jẹ́

Ọmọ Ẹ̀gbá kò nílò ẹni tí yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọ ní ìtumọ̀ ìgbàlà. Nígbà tí ogun fọ́ àwọn ìlú wa nínú igbó Ẹ̀gbá, Ṣódẹkẹ́ àti àwọn aṣáájú yòókù kó àwọn bàbá wa wá sí abẹ́ Olúmọ ní ọdún 1830. Orúkọ ìlú wa fúnra rẹ̀, Abẹ́òkúta, ẹ̀rí ni pé a sá di ohun kan.

Ẹ tún wo Àjàyí, tí a mọ̀ sí Samuel Crowther. Ní ọdún 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣóògùn. Wọ́n tà á láti ọwọ́ kan sí òmíràn títí ó fi dé inú ọkọ̀ ojú omi àwọn Potogí ní ọdún 1822. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú àwọn tí a dè mọ́lẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ tí ó lè tú u sílẹ̀, nítorí ẹ̀wọ̀n kan náà ni ó wà lọ́rùn gbogbo wọn. Láti ìta ni ìrànlọ́wọ́ ti wá: ọkọ̀ ogun ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà, wọ́n sì kó wọn lọ sí Sàró. Ní ọdún 1846, ní Abẹ́òkúta yìí kan náà, Àjàyí tún fojú kan Àfàlá ìyá rẹ̀, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Ìyá náà ṣe ìrìbọmi ní ọdún 1848, wọ́n sì sọ ọ́ ní Hánà, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì.

Ìgbàlà gidi ni èyí. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn kò dúró síbẹ̀, àwa ará Ìjẹmọ̀ ni ó sì yẹ kí a rántí apá kejì rẹ̀ jù. Ní ọdún 1893, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bá Ẹ̀gbá ṣe àdéhùn, wọ́n sì gbà pé a ó máa dá ìjọba ara wa ṣe. Ní ọdún 1914, wọ́n mú àgbàlagbà kan láti Ìjẹmọ̀, Ṣóbìyí Pọ́nlàdé, ó sì kú sí àtìmọ́lé. Àwọn ènìyàn Ìjẹmọ̀ dìde láti béèrè ìdájọ́ òdodo. Ìjọba Ẹ̀gbá ránṣẹ́ pe àwọn ọmọ ogun tí òyìnbó ń darí, ní 8 oṣù kẹjọ ọdún náà sì ni wọ́n yìnbọn fún àwọn ènìyàn. Olúwo Ìjẹmọ̀ wà lára àwọn tí ó kú, pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ará ìlú. Kí oṣù kẹsàn-án tó parí, òmìnira Ẹ̀gbá ti dópin.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sí ọkàn. Ìjọba kan náà tí ọkọ̀ ogun rẹ̀ gba Àjàyí sílẹ̀ lójú òkun ní 1822 ni àwọn ọmọ ogun rẹ̀ yìnbọn ní Ìjẹmọ̀ ní 1914. N kò sọ èyí láti tú ojú egbò àtijọ́. Mo sọ ọ́ nítorí pé bí ó ti rí nìyẹn pẹ̀lú gbogbo olùgbàlà tí ó jẹ́ ènìyàn. Ó lè gbà ọ́ lónìí, kí o sì máa wá ẹni tí yóò gbà ọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́la. Èyí tí ó dára jù lọ nínú wọn, tí kò yí padà, kò lè ṣẹ́gun ikú. Hánà rí ọmọ rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n òun àti ọmọ náà ti sùn nínú Olúwa.

Ìwọ̀fà kì í ra ìwọ̀fà padà

Ní ayé àtijọ́, ẹni tí ó bá jẹ gbèsè lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó. Àwọn àgbà mọ̀ pé iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe láti àárọ̀ kì í dín gbèsè kù. Èlé owó nìkan ni iṣẹ́ náà dúró fún. Ó lè kọ ebè fún ogún ọdún, kí gbèsè náà ṣì pé geere bí ó ti wà ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ìwọ̀fà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè bá a sunkún, ó lè bá a gbé ẹrù, ṣùgbọ́n kò lè rà á padà, nítorí gbèsè tirẹ̀ náà wà lọ́rùn. Ẹni tí kò jẹ gbèsè, tí ó sì ní owó lọ́wọ́, ni ó lè ra ìwọ̀fà padà.

Níbí ni ọ̀rọ̀ Athanasius ti bá tiwa pàdé. Gbogbo ẹ̀dá ni ó jẹ Ẹlẹ́dàá ní gbèsè ìgbọràn àti ìjọ́sìn. Áńgẹ́lì jẹ ẹ́, wòlíì jẹ ẹ́. Bí Jésù bá jẹ́ ẹ̀dá, bí ó ti wù kí ó ga tó, ohun gbogbo tí ó ní láti fi rúbọ ti jẹ́ ti Ọlọ́run tẹ́lẹ̀, kò sì ní àṣẹ́kù tí yóò fi san tiwa. Ìdí nìyí tí Ọlọ́run fi tẹnu wòlíì Àìsáyà sọ ní orí kẹtàlélógójì pé òun nìkan ni olùgbàlà, kò sí ẹlòmíràn. Síbẹ̀, nínú Lúùkù orí kejì, áńgẹ́lì pe ọmọ ọwọ́ tí ó wà ní ibùjẹ ẹran ní Olùgbàlà. Bí òtítọ́ bá wà nínú ẹ̀rí méjèèjì, a jẹ́ pé Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ni ó wá.

Ṣùgbọ́n ó tún gbọ́dọ̀ jẹ́ ènìyàn, nítorí gbèsè ìdílé, ọmọ ilé ni í san án. Òtítọ́ yìí ni ìpàdé Kálísédónì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní ọdún 451: Ọlọ́run pátápátá, ènìyàn pátápátá, Olúwa kan ṣoṣo. Àwọn baba wa ní, bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Nínú Fílípì orí kejì, Pọ́ọ̀lù fi yé wa pé Ẹni tí ó jẹ́ Ọlọ́run gba àwọ̀ ìránṣẹ́, ó sì gbọ́ràn títí dé ikú. Iṣẹ́ ẹrú ni ó jẹ́. Ọmọ ni ó jẹ́ ẹ, ìdí sì nìyẹn tí iṣẹ́ náà fi yanjú.

Nígbà tí ará ilé wa bá béèrè

Nínú ọ̀pọ̀ agbo ilé ní Ìjẹmọ̀ àti káàkiri Abẹ́òkúta, Mùsùlùmí àti Kristẹni jọ ń jẹun nínú àwo kan ni. Àwọn ará wa Mùsùlùmí bọ̀wọ̀ fún Jésù, wọ́n gbà pé wúńdíá ni ó bí i, wọ́n sì kà á sí wòlíì ńlá. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé: "Ṣé Ọlọ́run fẹ́ ìyàwó ni, tí ó fi bí ọmọ?" Ọ̀pọ̀ Kristẹni ni ó máa ń bínú sí ìbéèrè yìí. Kò yẹ bẹ́ẹ̀. Èdè wa ti pèsè ìdáhùn. Nígbà tí a bá sọ pé ẹnì kan jẹ́ ọmọ Ìjẹmọ̀, kò sí ẹni tí ó ń béèrè pé ta ni ìyàwó Ìjẹmọ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé ibẹ̀ ni ó ti wá, ohun tí ibẹ̀ jẹ́ ni òun náà jẹ́. Kò sí Kristẹni tí ó gbà pé Ọlọ́run gbé ìyàwó. Ìmọ́lẹ̀ ń ti ara oòrùn jáde, oòrùn kò sì fìgbà kan wà láìní ìmọ́lẹ̀; bẹ́ẹ̀ ni Ọmọ ń ti ọ̀dọ̀ Baba wá láìní ìbẹ̀rẹ̀.

Kí a sì fi ìwà Bíṣọ́ọ̀bù Crowther ṣe àwòkọ́ṣe. Nígbà tí ó bá ń bá àwọn Mùsùlùmí sọ̀rọ̀, kì í wá ìjà. Ibi tí ìgbàgbọ́ méjèèjì ti jọ fẹnu kò ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀, bí iṣẹ́ tí Gébúrẹ́lì jẹ́ fún Màríà, ó sì máa ń jẹ́ kí Ìwé Mímọ́ fúnra rẹ̀ dáhùn. Ẹni tí òtítọ́ bá dá lójú kò ní láti pariwo.

Àwọn olùgbàlà àtọwọ́dá

Arius ti kú tipẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ ń wọlé láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Àwọn àgbà Èkó kò tí ì gbàgbé Olufunmilayo Odumosu, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Jésù Oyíngbò, ẹni tí ó sọ pé òun ni Kristi tí ó padà wá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ilé àti ohun ìní sílẹ̀ láti máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó kú ní ọdún 1988, agbo rẹ̀ sì túká.

Irú èyí rọrùn láti dá mọ̀. Èyí tí ó ń bà mí lẹ́rù jù ni èyí tí kò pariwo. Kò sí pásítọ̀ tí ó ń sọ nínú irú ìjọ bẹ́ẹ̀ pé Jésù kì í ṣe Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ẹ wo iwájú mọ́tò, ẹ wo ara ògiri ṣọ́ọ̀bù, àwòrán ta ni ó wà níbẹ̀? Ẹ gbọ́ ẹ̀rí tí à ń jẹ́, orúkọ ta ni ó ń jáde ju ti Jésù lọ? Nígbà tí ènìyàn bá ń bẹ̀rù ègún wòlíì ju ìdájọ́ Ọlọ́run lọ, tí ó gbàgbọ́ pé àdúrà òun kò lè gòkè bí kò bá sí òróró kan tàbí aṣọ ìnujú kan láti ọwọ́ Bàbá, ó ti sọ Jésù di ẹ̀dá gíga kan tí ó jìnnà, tí ó nílò alágbàwí mìíràn. Ẹ̀kọ́ Arius gan-an nìyẹn, bí ẹni náà tilẹ̀ ń ka Ìjẹ́wọ́ Níséà lọ́jọọjọ́ Ìsinmi. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní àsìkò ìdìbò, tí a máa ń pe òṣèlú kan ní Mósè wa tàbí olùgbàlà wa, tí a ó sì tún fi ọdún mẹ́rin kẹ́dùn.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣì mí gbọ́. Ẹni tí Ọlọ́run bá lò, ó tọ́ kí a bu ọlá fún un. Abaraámóorejẹ kì í ṣe ọmọlúàbí. Ṣùgbọ́n ní Lísítírà, nínú Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí kẹrìnlá, nígbà tí àwọn ènìyàn fẹ́ rúbọ sí Pọ́ọ̀lù àti Bánábà nítorí arọ tí wọ́n wò sàn, aṣọ wọn ni wọ́n fà ya, tí wọ́n sì kígbe pé ènìyàn bí ẹlòmíràn ni àwọn. Ìránṣẹ́ tòótọ́ kì í gba oyè ọ̀gá rẹ̀.

Nítorí náà, mo bẹ ẹ̀yin òjíṣẹ́ Ọlọ́run, ẹ má ṣe jẹ́ kí Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ di ohun tí à ń kà bí orin ìdárayá ọmọ iléèwé. Ẹ ṣàlàyé rẹ̀ ní kíláàsì ìmúlẹ̀, ẹ wàásù lé e lórí, ẹ jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ béèrè ìbéèrè. Kí àwa tí a ń tẹ ìwé ìkéde sì máa ṣọ́ ọ̀rọ̀ tí ó ń ti ọwọ́ wa jáde.

Ní ọjọ́ kejì, arábìnrin náà padà wá. Mo sọ ọ̀rọ̀ ìwọ̀fà fún un. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní ìyá ìyá òun máa ń sọ̀rọ̀ nípa ìwọ̀fà. A jọ tún ìkéde náà kọ: pé ìdílé náà ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Jésù Kristi Olùgbàlà, ẹni tí ó wo ọmọ wọn sàn, tí ó sì rán ìránṣẹ́ rẹ̀ sí wọn ní ọjọ́ ìpọ́njú. Orúkọ wòlíì náà wà níbẹ̀, a kò yọ ọ́. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ní: "Bàbá, kò burú. Àwọn náà ní ẹni tí ó gbà wọ́n là."

Òtítọ́ ni. Wòlíì náà, èmi tí mò ń kọ̀wé, àti ìwọ tí ò ń kà á, Ẹnì kan ṣoṣo ni ó ra gbogbo wa padà. Kí Ọlọ́run fi ìdí wa múlẹ̀ nínú ìgbàgbọ́ yìí títí dé òpin. Àmín.